Kí Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Bí Etí Ọmọ Yín Kò Bá Gbọ́ Dáadáa

Òbí tó ń gbé Òkè-Ìlá tàbí àdúgbò mìíràn ní Adó-Èkìtì ni mo kọ orí yìí fún, tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi tàbí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti sọ fún un ní ilé-ìwòsàn, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fura, pé etí ọmọ náà kò gbọ́ bó ṣe yẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé yín: ẹ má lọ tọrọ àánú ní ilé-ẹ̀kọ́. Tíṣà tó ń ṣàánú ọmọ yín yóò jẹ́ kó jókòó jẹ́jẹ́, yóò máa yìn ín pé kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, yóò sì máa gbé e kọjá láti kíláàsì kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ó mọ nǹkan kan. Ohun pàtó ni kí ẹ béèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa padà lọ wò ó bóyá wọ́n ń ṣe é.

Ìwé àyẹ̀wò ló ń ṣíwájú

Ọ̀rọ̀ tí òbí máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu tíṣà ni èyí: "Mọ́mì, ọmọ yín ń gbọ́ o. Ìgbà tó bá wù ú ló ń gbọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí wọ́n na ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ṣẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó fà á, kí ẹ lè fi sùúrù ṣàlàyé rẹ̀.

Ìró ọ̀rọ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ohùn dò, re, mí tí èdè Yorùbá ń lò, àti àwọn fáwẹ̀lì wa, ìró tó nípọn ló gbé wọn. Àwọn ìró bíi s, ṣ, f, k àti t tínrín, agbára wọn kò sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí etí wọn kò pé ń gbọ́ èyí tó nípọn, wọ́n sì ń pàdánù èyí tó tínrín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò yíjú bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, yóò jó bó bá gbọ́ ìlù, yóò sáré jáde bí ọ̀kadà bá fun fèrè. Ta ni yóò sọ pé kò gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí tí tíṣà ń sọ lójoojúmọ́: "kọ orúkọ rẹ" àti "sọ orúkọ rẹ". Ohùn wọn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. K àti s nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ìró méjèèjì yìí yóò dìde sọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó kọ ọ́, gbogbo kíláàsì yóò bú sẹ́rìn-ín, wọn yóò sì ní olóríkunkun ni. Bó bá pẹ́, ọmọ náà yóò kọ́ láti máa wo ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe kó tó ṣe tirẹ̀. Tíṣà yóò ní ó ń jí ìwé wò.

Nítorí náà ni ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gbára lé pípe ọmọ láti ẹ̀yìn tàbí pípàtẹ́wọ́ sí i létí. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ní Adó, ẹ lè lọ sí EKSUTH, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Adébáyọ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Bí ọmọ bá kéré jù láti dáhùn bó bá gbọ́ ìró, àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n fi ń mọ bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn sí ìró nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Bí wọn kò bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ ní tòsí, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ibi tó wà, bíi UCH, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Ìbàdàn. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má rọ àdí, òróró tàbí àgbo kankan sí etí ọmọ. Etí tó ń ṣọyún ṣeé wò, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí tó dí ihò etí ni gbogbo wàhálà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àrùn yírùnyírùn, ibà pọ́njú líle ìgbà tí wọ́n bí i, tàbí àwọn abẹ́rẹ́ kan bíi Gentamicin ló ba inú etí lọ́hùn-ún jẹ́, ohun tí ẹ bá rọ síbẹ̀ kò lè tún un ṣe.

Ẹ má kúrò ní ilé-ìwòsàn láìgba ìwé tí wọ́n ya ìlà ìgbọ́ràn ọmọ náà sí, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́díógíráàmù. Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ìgbọ́ràn. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò, ìgbọ́ràn tó bẹ̀rẹ̀ láti dẹ̀síbẹ̀lì 20 sí 35 ti dín díẹ̀. 35 sí 50 ti dín níwọ̀n. 50 sí 65 ti kọjá ìwọ̀n. 65 sí 80 le. Tó bá ti lé ní 80, ó le gan-an. Ẹ bẹ dókítà kó kọ àlàyé ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, èyí tí tíṣà lè kà kó yé e: ohun tí ọmọ yìí ń gbọ́, ohun tí kò gbọ́, àti bó ṣe yẹ kó jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀kan fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún tíṣà, ọ̀kan nínú fáìlì yín nílé.

Ilé-ẹ̀kọ́ wo?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ìyá, ìyá-àgbà náà yóò sì dá sí i. Èrò tèmi nìyí. Bí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bá ń ran ọmọ náà lọ́wọ́ tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá a jà fún ohun tó nílò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kò bá lè mú ọ̀rọ̀ dé etí rẹ̀, ẹ má tì í mọ́ kíláàsì tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ nítorí pé ibẹ̀ sún mọ́lé. Ọmọ tí kò ní èdè kankan títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ti pàdánù ohun tó ṣòro láti rí gbà padà. Èdè àwọn adití, tí wọ́n ń fọwọ́ sọ, èdè tó pé ni. Ọmọ lè fi ṣàwàdà, ó lè fi ṣàròyé, ó lè fi kọ́ ìṣirò. Èkìtì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn adití ní Ìkòrò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Ẹ jókòó ní kíláàsì, ẹ wo bóyá tíṣà ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ béèrè iye ọmọ tó wà lábẹ́ tíṣà kan, ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn àti ẹni tó ń tọ́jú wọn lálẹ́. Bí ọmọ yín bá lọ síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ kọ́ èdè náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlejò ni yóò máa jẹ́ nílé yín nígbà ìsinmi.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ní kí ẹ má fi owó ṣòfò lórí adití, ẹ sọ ìtàn Andrew Foster fún un. Ọmọ Alabama ní Amẹ́ríkà ni. Àrùn yírùnyírùn gba ìgbọ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Lọ́dún 1954 ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití. Ó dé Ghana lọ́dún 1957, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1960. Títí ó fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda lọ́dún 1987, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ipa ọwọ́ rẹ̀ ṣì hàn nínú èdè tí àwọn adití fi ń kàwé ní Nàìjíríà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adití wa ti fi tiwọn kún un.

Ohun tí òfin sọ

Ẹ kò nílò láti di agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ẹ mọ orúkọ òfin mẹ́ta. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004, tí gbogbo wa mọ̀ sí UBE, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré girama di ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọmọ gbogbo. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ka yíyan àkàndá ènìyàn nípòsí léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ló ṣe pàtàkì jù fún yín. Abala 17 fún ọmọ yín ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin girama. Abala 18 ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ní àwọn ohun èlò tó yẹ. Ẹ̀kẹta ni òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ṣe lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ènìyàn.

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ńkọ́? Òfin ọdún 2018 náà kan ẹni gbogbo àti ilé-iṣẹ́ gbogbo lórí ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀, owó ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó bá rú u sì jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Mi ò ní kí ẹ fi òfin ṣe ìkíni o. Ẹ jẹ́ kó wà nínú fáìlì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún yín lójúkojú pé àwọn kì í gba "irú ọmọ yìí", ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni gbà láti kọ ọ́.

Ìpàdé pẹ̀lú ọ̀gá àti tíṣà

Ẹ má bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ń wọlé. Ẹ ní kí wọ́n dá ọjọ́ fún yín. Ẹ mú ẹnìkan dání, bàbá ọmọ, ẹ̀gbọ́n, tàbí ẹni tó lè kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ìkíni àti ìdúpẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n yín: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa. A mú èsì ilé-ìwòsàn wá, a sì fẹ́ ká jọ mọ ohun tí a lè ṣe." Lẹ́yìn náà, ẹ lọ tààrà sórí ohun tí ẹ fẹ́.

Ìjókòó ni gbogbo ènìyàn mọ̀, wọ́n sì rò pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Òótọ́ ni pé ó ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ohùn ojoojúmọ́ sọ máa ń tó nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀lì 60 níbi tó jìnnà sí ẹnu ní mítà kan. Bí jíjìnnà náà bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́fà ń lọ. Nígbà tí yóò fi dé ẹni tó wà ní mítà mẹ́jọ, lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 42, ìyókù tí ògiri sì ta padà ti dàrú. Ẹ béèrè pé kí ọmọ yín wà ní iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ tí etí rẹ̀ tó sàn jù yóò ti kọjú sí tíṣà, kó jìnnà sí fèrèsé tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọ̀nà ń gbà wọlé, kí ìmọ́lẹ̀ sì wà lójú tíṣà kó má wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọmọ yìí ń ka ètè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n gbà á láàyè láti yíjú wẹ̀yìn bí ọmọ mìíràn bá ń dáhùn ìbéèrè.

Ìwà tíṣà ló ju ìjókòó lọ. Tíṣà tó ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù tó sì ń sọ̀rọ̀ lọ ti fi ẹ̀yìn kọ ọmọ yín. Kó kọ ọ́ tán, kó yíjú, kó tó sọ ọ́. Kò nílò láti pariwo. Ariwo máa ń ba ìró jẹ́, ó sì ń mú kí ètè yí padà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kó fi ọ̀nà mìíràn sọ ọ́. Bó bá bi ọmọ pé "ṣé ó yé ọ?", bẹ́ẹ̀ ni ni ọmọ yóò dáhùn ní gbogbo ìgbà, torí kò fẹ́ kí ojú ti òun. Kó bi í pé "kí ni mo ní kí o ṣe?" Iṣẹ́ àṣetiléwá, ọjọ́ ìdánwò àti ìkéde àpéjọ òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Lójọ́ tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, àwọn ọmọ tí etí wọn pé pàápàá kì í gbọ́ tíṣà. Lójọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó fi iṣẹ́ kíkọ àti àwòrán dípò àlàyé ẹnu. Àpèkọ ni mo tún fẹ́ tẹnu mọ́: bí wọ́n bá ń fi àpèkọ ṣe ìdánwò fún ọmọ yìí láti ẹ̀yìn yàrá, etí rẹ̀ ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀. Kí tíṣà dúró níwájú rẹ̀.

Ẹ bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú pé kí ẹnikẹ́ni má na ọmọ náà lórí pé kò dáhùn, kí wọ́n sì yan ọmọ kíláàsì kan tó láàánú láti máa tọ́ka ojú ìwé tí wọ́n wà sí i. Àwọn ọmọdé máa ń ṣe èyí dáadáa bí àgbà bá ṣàlàyé fún wọn.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ní ilé-ẹ̀kọ́

Bí ọmọ bá ní ẹ̀rọ, tíṣà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tàn án, bí wọ́n ṣe ń ti bátìrì bọ̀ ọ́, àti bí wọ́n ṣe ń fi í sí etí. Bátìrì kékeré tí a kì í gba iná sí máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọ̀ tó wà lára ìdérí rẹ̀ ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀: pupa ọsàn ni 13, búlúù ni 675. Ẹ fi méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà, nínú ohun tí ọmọdé kò lè ṣí. Bí ọmọ kankan bá gbé bátìrì mì, ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń dúró. Òógùn àti òjò ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún lálẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú àpò kékeré afà-omi, irú èyí tí à ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Rọ́bà tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n ihò etí yóò máa kéré sí ọmọ bó ṣe ń dàgbà. Bí ẹ̀rọ bá ti ń dún fíì-fíì, ó ti tó àkókò láti ṣe rọ́bà mìíràn.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ láàárọ̀. Ọ̀mọ̀wé Daniel Ling ló gbé e kalẹ̀, ìró mẹ́fà rẹ̀ sì wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa: m, u, a, i, ṣ, s. Ẹ fi ìwé bo ẹnu, ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn ojoojúmọ́, láìtẹ̀lé ètò kan náà lójoojúmọ́, kí ọmọ pè é padà tàbí kó ju ẹ̀wà kan sínú abọ́ bó bá ti gbọ́. Ọmọ tó gbọ́ s lánàá tí kò gbọ́ ọ lónìí, bátìrì rẹ̀ ti ń kú, tàbí ìdọ̀tí ti dí rọ́bà rẹ̀, tàbí etí rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Ẹ kọ́ tíṣà ní èyí. Ó ṣàǹfààní ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Lẹ́tà

Lẹ́yìn ìpàdé, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ó ṣe lè lọ:

"Sí Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́. Ẹ ṣeun fún ìpàdé tí a ṣe lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ wa, tó wà ní kíláàsì kejì, ní ìṣòro ìgbọ́ràn ní etí méjèèjì, ìwé ilé-ìwòsàn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A jọ fẹnu kò pé yóò máa jókòó níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tíṣà. Pé wọn yóò máa kọ iṣẹ́ àṣetiléwá fún un. Pé tíṣà yóò máa yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò láàárọ̀. Àti pé a ó tún pàdé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà táàmù yìí. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́ yé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ̀wé sí wa. A dúpẹ́."

Lẹ́tà yìí wúlò jù lọ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọmọ bá bọ́ sọ́wọ́ tíṣà tuntun tí kò mọ ohunkóhun. Ẹ má retí pé tíṣà àná yóò sọ fún ti òní. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá pé tí kò sí àyípadà, ẹ tún pàdé ọ̀gá. Bí kò bá tún sí, bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adó, lẹ́yìn náà sí SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Bó bá jẹ́ aládàáni, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ẹ wá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Àwọn Adití Nàìjíríà tó wà ní Èkìtì kàn. Àwọn àgbà adití mọ ọ́fíìsì tó ń dáhùn àti èyí tí kì í dáhùn, ọmọ yín pẹ̀lú yóò sì rí àgbàlagbà tó dà bíi tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń tọ́ ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti agbẹjọ́rò tí owó kò sì sí, Legal Aid Council ni ìjọba dá sílẹ̀ fún irú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ àárín táàmù lẹ ń ka orí yìí, ẹ má dúró de oṣù kẹsàn-án. Ẹ kọ lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín.